Ẹ Rọra Sunkún

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Kápẹ́ńtà kú, ìjà ṣíbí ni wọ́n kọ́kọ́ jà nílé Aránṣọ. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó balẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó dún gbàǹgàn, ilẹ̀kùn ìyàrá sì ṣí wàá bí ẹni pé olè ni wọ́n ké sí.

Ọkọ Aránṣọ ló yọ. Láti ìbàdí dé òkè, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì pupa, irun tí wọ́n fi òróró tẹ́ mọ́lẹ̀. Láti ìbàdí dé ilẹ̀, ṣòkòtò péńpé tó ti ṣá àti sálúbàtà ni. Apá tí kọ̀ǹpútà ń rí nìkan ló múra.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Kò pariwo o. Ẹnikẹ́ni kì í pariwo nínú ilé náà mọ́. Ìjà pàápàá, wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n ń jà á. "Òní ni wọ́n ń tẹ́tí sí mi. Mo sọ ọ́ lánàá, mo tún un sọ láàárọ̀ yìí."

"Ṣíbí ló bọ́ lọ́wọ́ ọmọ," Aránṣọ fèsì, òun náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kó fọwọ́ jẹun."

"Ẹ̀yin lẹ ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ jẹun mọ́. Ẹ ní àwọn ọmọ òkè òkun kì í fọwọ́ jẹun."

Ọkùnrin náà wo ìrẹsì tó wà nínú àwo, ó wo ọmọ. "Kó jẹ búrẹ́dì nígbà náà. Búrẹ́dì kì í dún." Ó sì wọlé padà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìyàrá náà rèé. Ilé iṣẹ́ kan wà ní òkèèrè tó ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìlú kan ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ náà, ìlú mìíràn ni àwọn tó ń rà á ń gbé. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò yí mọ́, tí oníbàárà bá fi ìbínú pe fóònù, ọkọ Aránṣọ ni yóò dá a lóhùn, òun tí kò ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, tí ìyàwó rẹ̀ ń fọwọ́ fọ ṣòkòtò rẹ̀ nínú báàfù. Èyíinì kò burú. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Àmọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni ohùn náà ti ń wá. Wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn, orúkọ kan tí ìyá tó bí i kò lè pè kí ahọ́n rẹ̀ má kọ́. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń fi imú sọ̀rọ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń sọ fún un bí ojú ọjọ́ ìlú tiwọn ṣe rí. Oòrùn á máa dín òun àti páànù orí ilé pọ̀, á sì máa sọ fún oníbàárà pé, "Òjò yìí mà pọ̀ o! Ó rin mí dé egungun nígbà tí mò ń bọ̀ níbi iṣẹ́."

Àwọn ará àdúgbò tó ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, tí kò sí ohun tó yé wọn nínú ọ̀rọ̀ náà ju "hẹlóò" lọ, yáa fi í sọ ọ́ lórúkọ. Hẹlóò. Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn ará òkèèrè kò wo ilé. Àwọn ará àdúgbò wò ó.

Lọ́jọ́ yìí, àwọn ọ̀gá náà yóò máa gbọ́ gbogbo ìpè tó bá wọlé títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ohun tí wọ́n gbọ́ bá dùn mọ́ wọn nínú, wọn yóò fi Hẹlóò ṣe olórí àwọn adánilóhùn bíi tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ àkùkọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àkùkọ ti bà á jẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan rí. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni àkùkọ náà parí sí, kì í sì í ṣe tiwọn.

Aránṣọ ń di irun ọmọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ tún yọjú wá mu omi. Ó rí àyè sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti àná.

"Olùkọ́ ọmọ pè mí. Ó ní ṣé nǹkan ń ṣe é lọ́fun ni. Ó ní bí òun bá bi í ní ìbéèrè, ó máa ń sún mọ́ òun, á fi ẹnu ko etí òun kó tó dáhùn."

"Ọmọ tó mọ̀wà nìyẹn. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í pariwo."

"Ẹ ti dé ibẹ̀ rí?"

Hẹlóò mu omi rẹ̀ tán, ó sọ ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀, ó sì tilẹ̀kùn.

Ìyá tó bí Hẹlóò, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, tó ń bá wọn gbé, kò dá sí i. Ó ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, ó ń lọ sí ilé kejì, ilé Oníbúrẹ́dì, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ikọ́ ń yọ màmá náà lẹ́nu. Yóò fún ẹnu pọ̀, yóò fọwọ́ di àyà mú, yóò rìn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, àfi tó bá dé ọ̀dọ̀ Oníbúrẹ́dì ni yóò tó tú ikọ́ náà sílẹ̀, tí yóò wú u títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ti ń dún nínú ilé Hẹlóò, ọ̀dọ̀ Oníbúrẹ́dì ni wọ́n kó o lọ: ẹ̀rọ ìránṣọ Aránṣọ, ikọ́ Ìyá Àgbà, ẹ̀rín ọmọ. Oníbúrẹ́dì gba gbogbo rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Kápẹ́ńtà, tilẹ̀ gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀, ó gbé e lọ sábẹ́ igi lẹ́bàá títì, kí ìró òòlù má baà dé etí ẹni tó ń fọṣọ lókè òkun. Nígbà tí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń ráhùn, ẹ̀rín ló rín. "Oúnjẹ lọmọ ọlọ́mọ ń wá," ló ní. "Ẹ jẹ́ ó wá a."

Láàárọ̀ yẹn, Kápẹ́ńtà gbé àkàbà lé èjìká, ó ń lọ tún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe. Bó ṣe kọjá lójú fèrèsé Hẹlóò, ó rọra fi ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ológbò, ó ń ju ọwọ́, ó ń la ẹnu láìsọ nǹkan kan. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ lọ́dẹ̀dẹ̀ Oníbúrẹ́dì.

Oòrùn ti dé àárín orí nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú ilé. Àwọn ọkùnrin bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń gbé ilẹ̀kùn pákó kan, ènìyàn sì wà lórí rẹ̀. Aránṣọ kọ́kọ́ rí bàtà, ó sì mọ bàtà náà. Àgbà ọmọṣẹ́ Kápẹ́ńtà ní, "Páànù ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, mà. Kó tó di pé a débẹ̀…"

Oníbúrẹ́dì ń to búrẹ́dì sínú àpótí onígíláàsì lọ́wọ́. Ó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó tò ó kó bá àwọn yòókù gún régé, ó wá yíjú padà, ó sì figbe ta. Igbe náà ya àdúgbò sí méjì. Àwọn obìnrin jáde láti gbogbo ilé, wọ́n ń káwọ́ lérí, wọ́n ń ké.

Aránṣọ sáré lọ sílé lọ mú aṣọ funfun tí wọn yóò fi bo òkú. Inú ìyàrá tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni àpótí aṣọ wà. Ó ṣílẹ̀kùn. Hẹlóò ń tẹríba síwájú kọ̀ǹpútà, ó fi ọwọ́ kan di etí, ohùn ìyá arúgbó kan sì ń jáde láti inú ẹ̀rọ. Èdè náà yé Aránṣọ níwọ̀nba.

"Ta ló ń sunkún báyẹn?" ni ìyá arúgbó náà ń béèrè. "Ó jọ pé ohun burúkú ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan lọ́dọ̀ yín."

"Rárá, mà. Fíìmù ni," Hẹlóò dáhùn láti inú imú. "Ẹnì kan ló ń wo fíìmù nínú ọ́fíìsì wa. Ẹ máà jẹ́ kó dà yín láàmú."

"Ó mà bà mí lọ́kàn jẹ́ o," ni ìyá náà wí.

Hẹlóò ní kó dúró díẹ̀, ó tẹ nǹkan kan kí ìyá náà má baà gbọ́ wọn, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Ìpayà wà lójú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìpayà ọ̀fọ̀. "Lọ bá mi bẹ̀ wọ́n. Títí di aago mẹ́rin péré."

"Kápẹ́ńtà ló kú."

"Mo ti gbọ́. Ó dùn mí. Ṣé ẹkún yẹn ló máa jí i? Lọ bẹ̀ wọ́n. Owó ilé tí à ń san, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, oògùn ikọ́ Màmá, ibo lo rò pé ó ti ń wá?"

Ó ti tẹ nǹkan náà padà, ìyá arúgbó ti wà lórí ìlà, nígbà tí Aránṣọ dáhùn.

"N kò lọ!"

Ó pẹ́ tí ohùn ènìyàn ti dún tó báyẹn nínú ilé náà. Ògiri tí wọ́n fi fóòmù bò gan-an ṣe bí ẹni ta gìrì. Hẹlóò rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú ẹ̀rọ. "Ẹ forí jì mí, mà," ló ní. "Òṣìṣẹ́ wa kan ni."

Aránṣọ mú aṣọ funfun, ó jáde. Kò bínú sí ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Àfi ìgbà tó dé àárín àgbàlá ló tó yé e pé òun ni òṣìṣẹ́ ọ̀hún.

Kò tíì jókòó dáadáa lọ́dọ̀ Oníbúrẹ́dì nígbà tí Hẹlóò fúnra rẹ̀ dé. Ìpè kan ti parí, òmíràn kò tíì wọlé, ó sì ti sá gba àárín rẹ̀ jáde. Ṣẹ́ẹ̀tì àti táì lókè, ṣòkòtò péńpé nísàlẹ̀, ẹ̀rọ etí sì há sí i lọ́rùn bí okùn ewúrẹ́. Àwọn èèyàn yà fún un lọ́nà. Wọ́n rò pé ó wá bá wọn kẹ́dùn ni.

"Ẹ kú àfẹ́kù o," ló ní. "Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni mo bá wá. Àwọn ọ̀gá mi ń tẹ́tí sí mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ẹ bá lè… kì í ṣe pé kí ẹ má sunkún o! Ẹ rọra sunkún ni. Tó bá di aago mẹ́rin, ẹ lè ké bó ṣe wù yín."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ Kápẹ́ńtà ti gbé òòlù sókè láti kan ìṣó mọ́ pósí tí wọ́n ń tò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè níbẹ̀. Ìyá Àgbà, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ń wo ilẹ̀. Aránṣọ ń retí kí ilẹ̀ náà lanu. Ilẹ̀ kì í lanu lásìkò.

Oníbúrẹ́dì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wo Hẹlóò láti orí táì dé orí sálúbàtà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé, "ìwọ" ló máa ń pè é, bí ẹni ń pe àbúrò rẹ̀ tòótọ́.

"Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín, ọ̀gá," ló wí. "A ti gbọ́ yín."

"Ẹ ṣé, mà. Mo mọ̀ pé ó máa yé yín. Ẹ ṣé gan-an." Hẹlóò tẹríba, ó tún tẹríba, ó sì sáré wọlé kí ìpè má baà bá a níta. Ó rò pé wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ òun ni.

"Ẹ gbọ́ ohun tí aládùúgbò wa wí," Oníbúrẹ́dì sọ fún àwọn èèyàn. "Ẹ dákẹ́." Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká etí gèlè náà, ó tì í bọ ẹnu ara rẹ̀, ó sì jókòó ti ọkọ rẹ̀.

Wọ́n dákẹ́. Ibẹ̀ kún dé títì, ẹ kò sì gbọ́ pín-ín. Àwọn obìnrin ń mi síwájú, wọ́n ń mi sẹ́yìn, omi ń bọ́ lójú wọn bọ́ sí itan. Àwọn ọmọṣẹ́ kó òòlù àti ìṣó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n lọ wá ìṣó oníyíyí tí kò fẹ́ òòlù. Wọ́n ń fọwọ́ yí i wọnú pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń làágùn, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ń gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe kan pósí ọ̀gá wọn láìkàn án.

Obìnrin kan tó ń pín búrẹ́dì fún àwọn tó wá tẹ̀ sí etí ẹnì kejì rẹ̀. "Wọ́n ní ayé lu jára," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ilé tiwọn ló lu jára. Afẹ́fẹ́ ibi gbogbo ló ń gba inú rẹ̀ kọjá."

"Ẹ fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ o," ni ẹnì kejì dáhùn. "Ó wà níbí."

Aránṣọ gbọ́. Ó sàn fún un ká ní wọ́n bú u. Ìrẹsì tí wọ́n jẹ láàárọ̀, bàtà ẹsẹ̀ ọmọ, ìpara orí ara rẹ̀, iṣẹ́ yìí ló rà wọ́n. Ẹnu jẹ, ojú tì. Ó ti tó ìgbà mélòó tí òun náà ti pa ọmọ lẹ́nu mọ́ kí ọkọ òun tó jáde wá ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá Àgbà ló fọhùn, kò sì kọjú sí ẹnikẹ́ni. "Ará ilé ẹni ń jẹ kòkòrò búburú, a kò wí fún un. Hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ ló dé yìí." Ikọ́ sì gbé e. Ó gbé ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ bo ẹnu, ó wú u sínú aṣọ, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì jẹ́ kí ó dún.

Nígbà tí ọmọ dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó gba àárín àwọn ènìyàn wọlé, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí àgbàlagbà tó jókòó bẹẹrẹ láìfọhùn. Ó rí pósí. Ó rí Oníbúrẹ́dì tó fi aṣọ há ẹnu. Ẹ̀rù kò bà á. Ohun tó mọ̀ ló rí. Ó rìn lórí ìka ẹsẹ̀ wá bá ìyá rẹ̀, ó fi ẹnu kò ó létí.

"Màmá," ló ní, "ta ló ń ṣiṣẹ́ níbí?"

Aránṣọ fà á mọ́ra. Ó fi orí ọmọ náà pamọ́ sí àyà, ó sì sunkún lé e lórí bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n máa sun ún.

Aago mẹ́rin kò tíì lù tán tí Hẹlóò fi jáde. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti paná ẹ̀rín rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ tọ̀ wá. "Wọ́n fún mi! Èmi ni olórí wọn báyìí. Wọ́n ní yàtọ̀ sí fíìmù yẹn, nínú gbogbo ibi tí àwọn tẹ́tí sí, ọ́fíìsì tèmi ló tòrò jù." Ó wá rántí ibi tó wà. Ó gbé ohùn sókè sí gbogbo ènìyàn. "Ẹ ṣeun púpọ̀ o. Mo ti parí. Ẹ lè… ó ti parí o."

Ẹnikẹ́ni kò ké. Oníbúrẹ́dì yọ aṣọ kúrò lẹ́nu, ó wé e padà sórí bó ṣe yẹ. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé pósí, wọ́n sì gbé e gba iwájú Hẹlóò kọjá. Ó kí wọn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó tún kí wọn. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó gbé ṣọ́bìrì, ó na ọwọ́ pé kí wọ́n fún òun lọ́kan, kí òun náà bá wọn gbẹ́lẹ̀. Àgbà ọmọṣẹ́ gbé ṣọ́bìrì náà sí èjìká kejì.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, sà," ló fèsì jẹ́jẹ́. "Ó máa ń dún."

Hẹlóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí kò rí ẹni bá a rín in, ó ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, táì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ní itẹ́ òkú, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí Kápẹ́ńtà ti já bọ́ lórí òrùlé wọn wá bá wọn. Ọmọlúwàbí ni, apá kejì ìlú ló ń gbé, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó kí opó, ó kí àwọn ọmọṣẹ́, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà nítorí pé òun ló dàgbà jù. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ lọ sára ọkùnrin kan tó dá dúró, tó múra bí ẹni ń lọ sí báńkì, tí kò sì wọ ṣòkòtò gidi.

"Màmá, ta ni ọkùnrin onítáì yẹn?" ló béèrè. "Ó mà jọ yín o. Àfi bí ẹni pé ẹ pọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ yín ni?"

Aránṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó di ọwọ́ ọmọ mú. Hẹlóò náà kò jìnnà, ó ti gbọ́, ó ti ń múra láti sún mọ́ wọn. Ìyá Àgbà wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó fínnífínní, bí a ṣe ń wo ẹrù tí a kò mọ ẹni tó gbé e kalẹ̀.

"Rárá o," ló ní. "Ará òkèèrè ni. Ọ̀dọ̀ wa ló kàn wọ̀ sí."

Ó sì yíjú sí ibi tí wọ́n ti ń sọ pósí kalẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wo Aránṣọ, bóyá yóò sọ nǹkan kan. Aránṣọ náà yíjú síbẹ̀. Ni ọkùnrin náà, tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, bá rìn lọ bá Hẹlóò, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó tẹríba díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa, sà," ló wí. "Ẹ kú ọ̀nà jíjìn."